Láti Ẹdẹ sí Ojúbọ Ọ̀ṣun: Bí Ẹni Tó Ní Èèwọ̀ Ẹnu Ṣe Lè Jẹun Lójú Ọ̀nà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń wọkọ̀ lọ síbi ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo ní oṣù Ògọ́ọ̀sì. Àwọn mìíràn fẹ́ fẹsẹ̀ lọ, bóyá nítorí ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́, bóyá nítorí pé ìrìn náà gan-an ni àdúrà wọn. Àwọn wọ̀nyí ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹni tí kò lè jẹ gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀: ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tí ọgbẹ́ inú ń dà láàmú, ẹni tí ẹ̀pà tàbí edé lè ṣekú pa, ẹni tí kì í jẹ ẹran rárá, Mùsùlùmí tí kì í jẹ òkúǹbete, ọmọ ìjọ Adífẹ́ńtì tí kì í jẹ ẹja tí kò ní ìpẹ́, àti olórìṣà tó ní èèwọ̀ tirẹ̀.

Ẹdẹ ni mo fi ṣe ibi ìbẹ̀rẹ̀. Odò Ọ̀ṣun kan náà tó gba Òṣogbo kọjá ló ń ṣàn bọ̀ ní Ẹdẹ, nítorí náà ẹni tó bá ti Ẹdẹ gbéra ń rìn lòdì sí ìṣàn omi, ó ń padà sọ́dọ̀ ìyá wa Ọ̀ṣun. Láti àárín ìlú Ẹdẹ dé igbó Ọ̀ṣun tó nǹkan bíi kìlómítà 15 sí 20, bí ọ̀nà tí ẹ bá gbà bá ṣe rí. Ẹni tí ara rẹ̀ dá lè rìn ín ní wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà pẹ̀lú ìsinmi. Ẹni tó bá ti Gbọ̀ngán bẹ̀rẹ̀ yóò gba Òde-Òmu àti Ṣẹ̀kọnà kó tó dé Àkọ̀dà ní Ẹdẹ. Kí onítọ̀hún má rin gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kó sùn ní Ẹdẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò nínú orí ìwé yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀rọ̀ oúnjẹ yín gbọ́dọ̀ ti tán kí ìkòkò tó gun orí iná. Bí ọbẹ̀ bá ti jiná tán, kò sí ohun tó kù lọ́wọ́ yín ju kí ẹ gba ẹlòmíràn gbọ́ tàbí kí ẹ fi ebi sùn.

Ohun tí ẹ ó kó dání

- Ike omi méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lítà kan àbọ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé rírí omi rà.
- Abọ́ kan tó ní ìdérí tó dé dáadáa, ṣíbí tiyín, ọ̀bẹ kékeré, ọṣẹ. Ṣíbí tiyín ṣe pàtàkì fún ẹni tí oúnjẹ kan lè pa, nítorí ìpọnbẹ̀ kan náà ni wọ́n fi ń bu gbogbo ọbẹ̀ ní bùkà.
- Oúnjẹ gbígbẹ tó lè tó odindi ọjọ́ kan láìsí pé ẹ ra ohunkóhun. Àádùn dára gan-an: àgbàdo sísun tí a lọ̀, epo pupa, iyọ̀ àti ata ni, kì í tètè bàjẹ́. Ìpékeré àti ẹ̀pà sísun náà dára fún ẹni tí wọn kò bá ṣe ní nǹkan.
- Iyọ̀ tiyín nínú ọ̀rá kékeré, kí ẹ lè ní kí wọ́n má fi iyọ̀ sí tiyín, kí ẹ sì fi ìwọ̀nba tí ẹ mọ̀ sí i.
- Oògùn yín nínú páálí rẹ̀, èyí tó tó ọjọ́ mẹ́ta ju iye ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò lọ.
- Fún alátọ̀gbẹ: ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, àti ṣúgà onígun bíi méjìlá nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Oṣù òjò ni Ògọ́ọ̀sì.
- Owó wẹ́wẹ́. Ní ọjọ́ ọdún, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn oní-POS lè dákú, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ kò sì ní ṣéńjì ẹgbẹ̀rún náírà.
- Bébà kan tí ẹ kọ ohun mẹ́rin sí: orúkọ yín, ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ, oògùn tí ẹ ń lò, nọ́ńbà fóònù ẹbí yín kan. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mọ irú èèwọ̀ tí ẹ ní

Èèwọ̀ ẹnu kò rí bákan náà. Ti ẹ̀sìn wà, ti ìdílé wà, ti àìsàn wà, ti ara tó kọ oúnjẹ wà. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí àṣìṣe bá wáyé. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tó ṣèèṣì jẹ ọbẹ̀ oníyọ̀ lẹ́ẹ̀kan lè fi omi àti ìsinmi tún un ṣe. Ẹni tí ẹ̀pà lè pa kò ní àǹfààní àṣìṣe kankan. Nítorí náà, ẹ ṣe ìpinnu nílé: èwo ni mo lè fojú fò díẹ̀ bí ebi bá pa mí lójú ọ̀nà, èwo ni n kò ní fọwọ́ kàn àní bí mo bá fẹ́ dákú? Ẹni tí kò bá pinnu èyí nílé, ebi ni yóò bá a pinnu rẹ̀.

Ní bíi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí alátọ̀gbẹ àti ẹlẹ́jẹ̀ ríru lọ rí dókítà wọn, kí wọ́n sì sọ pé ìrìn wákàtí márùn-ún ló wà níwájú wọn. Ìrìn máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ walẹ̀. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo oògùn bíi Daonil lè nílò kí wọ́n dín ìwọ̀n rẹ̀ kù lọ́jọ́ náà. Dókítà ni kó sọ èyí. Ẹ má dá a ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ rin kìlómítà márùn-ún ládùúgbò yín pẹ̀lú àpò yín lẹ́yìn, kí ẹ sì jẹ oúnjẹ tí ẹ fẹ́ gbé dání. Bí yóò bá da inú yín rú, ilé ni kó ti dà á rú.

Ìgbésẹ̀ kejì: alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ní Ẹdẹ

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ ńlá tí Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ, máa ń gbé igbá lọ sí odò sábà máa ń bọ́ sí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ rin ìrìn náà ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹ sùn ní Òṣogbo, kí ẹ bàa lè sinmi kí èrò tó pé. Ìyẹn ni pé alẹ́ Ọjọ́rú ni ẹ ó ṣe ètò oúnjẹ ní Ẹdẹ.

Ẹdẹ dára fún ẹni tó ní èèwọ̀. Láti ayé Tìmì Àbíbù Lágúnjú, ọba Ẹdẹ, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà kò ṣòro fún Mùsùlùmí láti rí alápatà tó ń dúńbú ẹran bó ṣe yẹ. Ìlú Ṣàngó ni, èèwọ̀ òrìṣà kò sì ṣàjèjì sí àwọn àgbààgbà. Àwọn ọmọ ìjọ Adífẹ́ńtì wà níbẹ̀, Yunifásítì Adélékè tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2011 sì so mọ́ ìjọ wọn. Àwọn onígbàgbọ́ tó ń lọ gbàdúrà ní Orí Òkè Bàbá Abíyè náà ń gba ìlú yìí kọjá. Àwọn olóúnjẹ ti gbọ́ oríṣiríṣi «n kì í jẹ ẹ́».

Ẹ lọ sí Ọjà Tìmì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ wá ìyá tó ń ṣe mọ́ín-mọ́ín tàbí èkuru fún títà láàárọ̀, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ kó tó lọ ẹ̀wà. Báyìí ni kí ẹ ṣe sọ ọ́:

«Ẹ kú ọjà o, màmá. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe mọ́ín-mọ́ín mẹ́fà fún òwúrọ̀ ọ̀la. Èèwọ̀ mi ni edé àti ẹyin. Kí ó jẹ́ ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà, epo àti iyọ̀ díẹ̀ nìkan. N ó san owó rẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ kọ́kọ́ bu tèmi kí ẹ tó po ti àwọn yòókù.»

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ń gba ẹ̀mí là. Bí wọ́n bá ti po edé sí gbogbo rẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè yọ ọ́. Owó tí ẹ san sílẹ̀ sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà dá yín lójú.

Ẹ tún kíyè sí ọ̀rọ̀ tí mo lò: *èèwọ̀*. Bí ẹ bá sọ fún olóúnjẹ pé dókítà ní kí ẹ má jẹ Maggi, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní díẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá ní èèwọ̀ yín ni, kò ní jiyàn, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ jẹ èèwọ̀ lọ́wọ́ òun. Irọ́ kọ́ ni ẹ pa. Ohun tí ara yín kò gbà, èèwọ̀ yín ni. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí oúnjẹ kan lè pa, kí ó fi kún un pé: «Bí ó bá kan ẹnu mi, ọ̀fun mi á wú, n kò ní lè mí.» Kí ó má fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀.

Èkuru ni mo fẹ́ràn jù fún ìrìn yìí. Ẹ̀wà bíbó tí a lọ̀ tí a sì sè nínú ewé ni, wọn kì í fi ata, epo tàbí edé po ó. Ata díndín ni wọ́n máa ń fi jẹ ẹ́, ẹ sì lè ní kí wọ́n má fi ata náà sí i. Ó bá ẹni tí kì í jẹ ẹran mu, ó bá ẹlẹ́jẹ̀ ríru mu, kò sì ní ta ọgbẹ́ inú. Ẹ fi ẹ̀kọ kún un, oúnjẹ pé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: òwúrọ̀ kí ẹ tó gbéra

Ẹ jẹun. Àwọn kan gbàgbọ́ pé ó yẹ kí ènìyàn fi ikùn òfìfo lọ bá òrìṣà tàbí Ọlọ́run. Bí ẹ̀jẹ́ yín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ sinmi lọ́jọ́ náà. Ààwẹ̀ àti ìrìn jíjìn kò gbọdọ̀ pàdé lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ọgbẹ́ inú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta náà gbọ́dọ̀ fi ògì tí kò ki àti èso já a, kó sùn ọjọ́ kan, kó tó ronú ìrìn.

Alátọ̀gbẹ yóò wọn ṣúgà rẹ̀ kó tó jẹun, yóò sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀wà, ẹyin àti ẹ̀fọ́ dúró pẹ́ nínú ju ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì lọ, nítorí náà kí ẹ̀wà pọ̀ ju ẹ̀kọ lọ nínú abọ́ rẹ̀. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú yóò mu ògì gbígbóná, kò ní fi àkàrà olóròóró bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Kí ó sì má lo oògùn ìrora bíi ibuprofen láìjẹun, bó ti wù kí orúnkún dùn ún tó. Oògùn náà lè mú kí ọgbẹ́ inú ṣẹ̀jẹ̀.

Kí ẹ ti wà lójú ọ̀nà ní agogo mẹ́fà. Oòrùn Ògọ́ọ̀sì kì í mú bíi ti oṣù Ẹrẹ́nà, ṣùgbọ́n títì kò ní ibòji.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ojú ọ̀nà

Ẹni tó bá gba títì yóò la Òwódé àti Abẹ́rẹ́, níbi tí sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, kó tó wọ Òṣogbo ní Ògo-Olúwa, tí yóò sì dé Ọláìyá. Ẹ máa jẹ díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí kan àbọ̀ sí méjì. Ẹ má dúró de ebi. Ẹ máa mumi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Èyí kan ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ju gbogbo èrò lọ, nítorí àìtó omi lè dá ìrora sílẹ̀ fún un.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wáyé jù ni ìbéèrè tí a ń bi olóúnjẹ. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí ẹ̀pà kì í bá a lára mu. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kan lọ́dún kan, ó bi ìyá tó ń dín àkàrà pé, «Ṣé ẹ̀pà wà nínú ẹ̀?» Ìyá ní rárá o. Ó jẹ ẹyọ méjì. Kò pẹ́ tí ètè rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lórí ọ̀kadà. Nígbà tí a padà wá, a rí kẹ́ẹ̀gì òróró lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada. Òróró ẹ̀pà ni, èyí tí wọ́n fún lábúlé. Ìyá náà kò purọ́. Lójú tirẹ̀, ẹ̀pà ni èyí tí ènìyàn ń jẹ lẹ́nu. Òróró, òróró ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè «ṣé ó wà níbẹ̀?» mọ́. Ìbéèrè tó ń fẹ́ «bẹ́ẹ̀ ni» tàbí «rárá» máa ń mú kí olóúnjẹ fún yín ní ìdáhùn tí inú yín yóò dùn sí. Ẹ béèrè báyìí: «Màmá, kí ni ẹ fi sè é? Kí ni ẹ fi dín in?» Kí ẹ sì dákẹ́, kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá kà á tán, ẹ béèrè pé, «Òróró wo? Ṣé mo lè rí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀?»

Irú àìgbọ́ra-ẹni-yé bẹ́ẹ̀ wà lórí ẹran. Bí ẹni tí kì í jẹ ẹran bá béèrè bóyá ẹran wà nínú ẹ̀fọ́, wọ́n lè ní kò sí, síbẹ̀ kí edé, ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́ wà nínú rẹ̀, kí ó sì jẹ́ omi tí wọ́n fi se ẹran ni wọ́n fi sè é. Lẹ́nu olóúnjẹ, ẹran ni èyí tí a gé tí a sì ń tà lẹ́yọ lẹ́yọ. Nítorí náà, ẹ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹran, omi ẹran, pọ̀nmọ́, ẹja, edé, ìgbín. Ọmọ ìjọ Adífẹ́ńtì yóò béèrè irú ẹja tó jẹ́, nítorí ẹja àrọ̀ ló pọ̀ ní bùkà, kò sì ní ìpẹ́. Ẹni tí edé lè pa yóò béèrè nípa amọ́bẹ̀dùn, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n fi edé ṣe. Ṣúyà kò sí fún ẹni tó ń sá fún ẹ̀pà rárá. Kúlíkúlí lílọ̀ wà nínú ata rẹ̀. Ẹ̀pà wà nínú dánkùwà náà. Gúgúrú àti ẹ̀pà sì sábà máa ń wà lórí àtẹ kan náà, ife kan náà ni wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n.

Ohun tí ẹ lè rà láìbẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ní èèpo tirẹ̀. Àsìkò àgbàdo tútù ni Ògọ́ọ̀sì, ẹ ó rí àgbàdo sísè tó ṣì wà nínú háhá. Ẹyin sísè tí ẹ fúnra yín bó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti iṣu sísun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ha náà dára. Ẹni tó wá láti ìlú òyìnbó tí kò gbọdọ̀ jẹ àlìkámà yóò rí i pé ilẹ̀ Yorùbá rọ̀ ọ́ lọ́rùn: àmàlà, ẹ̀kọ, iyán, ìrẹsì, kò sí àlìkámà nínú wọn. Kí ó sá fún búrẹ́dì, sẹ̀mó, bọ́ńsì àti sìpàgẹ́tì, kó sì béèrè nípa amọ́bẹ̀dùn.

Ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ọ̀tá yín ni ọbẹ̀ tó ti wà nínú ìkòkò. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà yóò jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù márùn-ún, ìyẹn bíi ṣíbí ìmutíì kan. Tinkó, ẹja oníyọ̀ àti Maggi mẹ́ta nínú ìkòkò kan lè gba gbogbo rẹ̀ ní ìjókòó kan. Bí olóúnjẹ bá jẹ́ àgbà, ẹ ní kí wọ́n ṣe ọbẹ̀ àtẹ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ náà yóò yé wọn kíákíá, nítorí wọ́n mọ̀ pé oúnjẹ Ọbàtálá kì í níyọ̀.

Ẹni tó jẹ́ ti Ọbàtálá kì í mu ẹmu. Ẹni tó jẹ́ ti Ṣàngó mọ̀ pé orógbó ni ti òrìṣà rẹ̀, kì í ṣe obì. Ọmọ Èṣù kì í sún mọ́ àdín. Àwọn yìí kò nílò ìkọ́ni lọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo lè fi kún un ni kí wọ́n ṣọ́ra fún àgbo àti ọtí àgbo tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì: wọn kì í sọ ohun tí wọ́n rẹ ewé sí. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi àgbo tí kò mọ̀ lé e lórí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nínú Òṣogbo àti nínú igbó

Ẹ jẹun kí ẹ tó wọ àárín èrò. Láti ààfin Àtáója, ọba Òṣogbo, dé etí odò, bí ìlù bá ti ń dún, kò sí ibi tí ẹ ti lè jókòó ṣí abọ́. Ẹ fi ohun kan tí ẹ lè fi ọwọ́ kan jẹ sínú àpò aṣọ, kí ó má wà nínú àpò ẹ̀yìn, nítorí ẹ lè má ráyè sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí olóúnjẹ máa ń kógbá wọlé lọ kírun Jímọ̀ọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ra ohun tí ẹ fẹ́ jẹ kó tó di agogo méjìlá.

Ọdún 2005 ni UNESCO fi igbó Ọ̀ṣun sára àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé, ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ ti wà tipẹ́: a kì í pẹja, a kì í ṣọdẹ, a kì í ṣẹ́ ewé níbẹ̀. Ẹja odò náà kì í ṣe oúnjẹ. Orúkọ oyè Àtáója pàápàá ti inú ìtàn ẹja wá, ọba tó tẹ́wọ́ gba ẹja.

Omi odò ni ọ̀rọ̀ tó wúwo jù, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń tàbùkù ìyá. Láti nǹkan bí ọdún 2021 ni ìròyìn ti ń jáde pé ìwakùsà wúrà lápá òkè odò, ní agbègbè Iléṣà, ti sọ omi Ọ̀ṣun di pípọ́n, àyẹ̀wò sì ti fi hàn pé àwọn ohun olóró bíi mẹ́kúrì àti òjé wà nínú rẹ̀. Ẹ má mu ún. Sísè kì í mú òjé kúrò nínú omi, álọ́ọ̀mù kò sì ṣeé gbójú lé fún un. Aboyún àti ẹni tó ní àrùn kíndìnrín kò gbọdọ̀ fi sẹ́nu rárá. Ẹ fi ọwọ́ bù ú, ẹ fi í kan iwájú orí, ẹ gbàdúrà yín. Omi mímu yín ni kó wà nínú ike. Bí ẹ bá ń ra omi inú ọ̀rá, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, kí ẹ sì fi omi nu ẹnu ọ̀rá náà kí ẹ tó fi eyín gé e.

Wọn yóò fún yín ní sàráà. Bí kò bá sí ohun tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹ dúpẹ́, ẹ ṣe àmín sí àdúrà wọn, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn tó lè jẹ ẹ́. Oúnjẹ tí ẹ kọ̀ lójú ẹni tó fún yín ń dunni. Èyí tí ẹ gbé fún ẹlòmíràn kò dun ẹnikẹ́ni.

Ewu tí ẹ gbọ́dọ̀ dá mọ̀

*Ṣúgà tó lọ sílẹ̀.* Òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n, ojú ṣíṣú, ọ̀rọ̀ tí kò lórí. Ẹ jókòó lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ ṣúgà onígun mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ṣì wà lábẹ́ 70 mg/dL, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn tó bá ti gòkè, ẹ jẹ oúnjẹ gidi. Bí ẹnìkan bá ti dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni. Kí àwọn tí ẹ jọ ń rìn mọ èyí, nítorí ẹni tí ṣúgà rẹ̀ lọ sílẹ̀ lè máa jiyàn pé kò sí ohun tó ṣe òun.

*Ara tó kọ oúnjẹ.* Ètè tàbí ojú tó wú, ara tó lé wìnnìwìnnì, mímí tó ń dún, èébì. Ẹ má dúró wo bóyá yóò lọ. Ẹ má fún un ní epo pupa mu. Ẹ wá ọkọ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ẹdẹ. Ní Òṣogbo, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Ìdí-Ṣẹ̀kẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112.

*Inú tó ń ṣu gbuuru.* Lítà omi mímọ́ kan, ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́fà tó tẹ́jú, iyọ̀ ìlàjì ṣíbí ìmutíì kan. Ẹ pò ó, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Iyọ̀ tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ lè ṣe ìjàǹbá. Alátọ̀gbẹ yóò mu ún pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ́wọ́, yóò sì wá dókítà lọ́jọ́ náà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn gbé mọ́ín-mọ́ín òwúrọ̀ kiri di ìrọ̀lẹ́. Nínú àpò tí oòrùn ń pa, ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, èyí tí wọ́n sè nínú ọ̀rá ló sì máa ń tètè bàjẹ́. Bí ó bá ń fà tàbí tó ní òórùn kíkan, ẹ dà á nù, owó tí ẹ fi rà á kò tó owó ilé ìwòsàn.

Òmíràn ni ìgbàgbọ́ pé àmàlà kò lè ṣe alátọ̀gbẹ ní nǹkan kan. Iṣu ni èlùbọ́. Òkèlè tó tó ìkúùkù yín kan ti tó, kí ẹ̀fọ́ sì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi gbogbo oògùn wọn sínú àpò ẹlòmíràn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù wọ́n lọ. Òun yóò ti dé Ọláìyá nígbà tí ẹ̀yin ṣì wà ní Òwódé. Oògùn yín, ọ̀dọ̀ yín.

Àwọn mìíràn ń tọ́jú insulin sínú kúlà yìnyín títí yóò fi dì. Èyí tó ti dì ti bàjẹ́, ẹ má lò ó mọ́. Aṣọ tútù tí ẹ wé mọ́ ọn nínú abọ́ amọ̀ kékeré, níbi tí oòrùn kò ti lè kàn án, ló dára jù.

Àti àwọn tí ojú ń tì. Wọ́n mọ ohun tí wọn kò gbọdọ̀ jẹ, ṣùgbọ́n nítorí pé gbogbo ẹgbẹ́ ti jókòó sí bùkà kan, wọn kò fẹ́ da ìjókòó rú. Ẹ sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń rìn kí ẹ tó kúrò ní Ẹdẹ, kí ẹ yan ẹnìkan nínú wọn tí yóò máa béèrè pẹ̀lú yín. Ohùn méjì máa ń mú kí olóúnjẹ tún inú ìkòkò wò.

Bí ẹ kò bá tíì kọ bébà ohun mẹ́rin tí mo sọ lókè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ ní alẹ́ òní, kí ẹ sì fi í sínú àpò àyà aṣọ tí ẹ fẹ́ wọ̀ rìn.